Ẹ fi ọjọ́ kún eré yín, ẹ má tíì fi ẹrù kún un: láti ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ dé ẹ̀ẹ̀mẹrin láì ṣe ẹsẹ̀ léṣe

Ọ̀sẹ̀ kẹfà tí mo bẹ̀rẹ̀ eré sísá ni mo fọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń jáde tẹ́lẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti Mọ́kọ́lá lọ sí Sángo, ní Ìbàdàn níbí, kí n tó ṣẹ́rí padà. Ara mi ti ń fúyẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà torí rẹ̀ ní kí n máa ṣeré ìdárayá ti ń rọlẹ̀, mi ò sì mí hẹlẹhẹlẹ mọ́ tí mo bá gun òkè. Ni aládùúgbò mi kan, ẹni tó ti ń sáré láti ọdún mẹ́jọ, bá ní kí n máa bá òun jáde láràárọ̀. Mo fò láti ọjọ́ méjì bọ́ sórí ọjọ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú mi sì ń dùn pé èmi náà ti di sárésáré.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló gbà. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi àtàǹpàkò wọ́ egungun ojúgun mi nísàlẹ̀ lápá inú, ó dé ojú kan tí kò fẹ̀ ju owó kọ́bọ̀ lọ, mo sì pariwo. Ìyàwó mi rò pé àkekèé ló ta mí. Egungun ló ti fẹ́ máa là. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń wo aládùúgbò mi láti ojú fèrèsé.

Ọjọ́ márùn-ún ò burú o. Àwọn kan ń sáré lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé gbogbo ọjọ́ tí mo fi kún un ló gbé odidi eré tirẹ̀ wá: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́nà méjì di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́nà márùn-ún. Ẹni tó ti ń sáré lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó fẹ́ dé ẹ̀ẹ̀mẹta, tó bá sì yá kó dé ẹ̀ẹ̀mẹrin, òun ni mo ń kọ èyí sí. Oṣù mẹ́rin ló máa gbà. Mo mọ̀ pé ó gùn.

Èémí máa ń yá ju egungun lọ

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ eré, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró á ti mọ iṣẹ́ wọn. Òkè tó ń dá wa dúró lóṣù tó kọjá, a ó gùn ún láì sinmi. Ẹran itan náà kì í pẹ́ kó tó gbára. Àmọ́ iṣan tó so ẹran mọ́ egungun, pàápàá iṣan ńlá ẹ̀yìn gìgísẹ̀, àti egungun fúnra rẹ̀, oṣù ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ọ̀sẹ̀.

Ẹ wo bí bíríkìlà ṣe ń tún ògiri tó ti sán ṣe. Á kọ́kọ́ wó apá tí kò dáa, á kó o dànù, kó tó mọ tuntun síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni egungun ń ṣe. Tí eré bá ti ń mi ín jìgìjìgì lójoojúmọ́, ara á kọ́kọ́ jẹ apá tó ti rẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà ni á wá fi egungun tuntun dí ojú ibẹ̀, iṣẹ́ yẹn sì lè gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó parí. Láàárín wíwó àti mímọ, ògiri ò lágbára. Àsìkò yẹn gan-an, nǹkan bí oṣù kan sí méjì lẹ́yìn tí èèyàn bẹ̀rẹ̀, ni èémí máa ń sọ fún un pé ó ti yá, kó máa lọ. Èémí ò purọ́, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìkan ló ń sọ.

Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ òfin ìdá mẹ́wàá: pé ká má fi ju ìdá 10 nínú 100 kún eré wa láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì. Kò burú, èmi náà ń fi í ṣe ọgbà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí kan ní Groningen, lórílẹ̀-èdè Netherlands, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nípa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré sísá. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 13 múra apá kan sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú òfin ìdá mẹ́wàá yìí, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 8 múra apá kejì. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló farapa lápá méjèèjì. Kí ẹ má torí ẹ̀ sáré wọ̀ ọ́ o. Ohun tí èmi rí fà yọ ni pé ìṣirò orí ìwé ò lè gba ipò àtàǹpàkò tí ẹ fi ń tẹ ojúgun yín láàárọ̀.

Kí ẹ tó fi ọjọ́ kankan kún un

Ẹ ti gbọ́dọ̀ máa sáré lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán láì fo ọ̀kankan. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń sáré, ẹ ń rìn ni, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta eré, ìṣẹ́jú kan ìrìn, ó kà. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé ìrìn láàárín eré jẹ́ ìtìjú, àmọ́ ó ti dá àìmọye èèyàn padà sílé.

Eré yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ eré pẹ̀lẹ́. Ọ̀nà tí mo fi ń wọ̀n ọ́n ò ná mi ní kọ́bọ̀. Ní Ìbàdàn, ẹ ò lè sáré láàárọ̀ kí wọ́n má kí yín. Ìyá tó ń dín àkàrà á ní "Ẹ kú eré o," ọlọ́dẹ tó ń lọ sílé á ní "Ẹ rọra o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó rẹ̀ yín jù." Tí ẹ bá lè dáhùn délẹ̀, "Ẹ ṣé mà, ẹ kú iṣẹ́ o, ọjà á tà o," láì já èémí sáàárín, eré yín wà bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan lẹ lè jù sókè, ẹ dẹ ẹsẹ̀. Gbogbo eré tí mo máa dárúkọ nísàlẹ̀ yìí, eré ìdáhùn ìkíni ni. Kò sí èyí tó le níbẹ̀ títí tí oṣù mẹ́rin fi máa pé.

Tí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn, tí ẹ bá wà nínú oyún tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS ò gbọdọ̀ dá ìpinnu yìí ṣe. Ẹni tó jẹ́ AS lè sáré dáadáa, ṣùgbọ́n kó máa mu omi, kó má ṣe já eré gidi lójijì nínú oòrùn, tí ẹran ẹsẹ̀ bá sì ń dùn ún tí ẹsẹ̀ ń rọ lọ́nà tí kò yé e, kó jókòó lójú ẹsẹ̀ kó sì pe èèyàn. Àyà dídùn, òòyì, tàbí kí ojú ṣú lọ́nà: ọjọ́ yẹn ti parí, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ọ̀rọ̀ káńfáàsì. Òkìríkà ni tèmi, mi ò sì fi bò. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tó bá le bí igi, ó ti kú, bó ṣe wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀yìn. Tí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìrìn ẹlòmíì ló gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí àyè ìbú àtàǹpàkò kan sì wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ ka ìṣẹ́jú, ẹ pa kìlómítà tì

Fóònù á máa pariwo kìlómítà létí yín. Ẹ jẹ́ kó máa pariwo. Kìlómítà ló ń jẹ́ kí èèyàn sáré jù lọ́jọ́ tó yẹ kó rọra, torí pé ó fẹ́ kó pé márùn-ún kó tó délé. Ìṣẹ́jú ò ní irú wàhálà yẹn: ogún ìṣẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú ni, yálà òkè ni tàbí pẹ̀tẹ́lẹ̀, yálà ọyẹ́ ń fẹ́ tàbí oòrùn oṣù kẹta ń jó.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ máa kọ síbẹ̀: iye ìṣẹ́jú, bó ṣe le tó láti oókan dé ẹẹ́wàá, àti ohun tó dùn yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìlà kẹta yẹn ni olórí. Nínú ìwé mi, "ojúgun ọ̀tún, díẹ̀" wà lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó di pé mo pariwo lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo kọ ọ́ tán ni, mi ò kà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bu oúnjẹ kan náà sí abọ́ mẹ́ta

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Tí àlejò kan bá dé bá yín lórí oúnjẹ tí kò sí òmíràn lórí iná, ẹ máa bù ú kéré sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan ni. Ọjọ́ kẹta ni àlejò yẹn. Kò gbọdọ̀ bá oúnjẹ tuntun dé.

Ká ní ẹ ń sáré ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí èmi ṣe pín tèmi nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀ nìyí:

Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2: Ìṣẹ́gun 20, Ọjọ́bọ̀ 15, Àbámẹ́ta 25. Ọgọ́ta náà ni.
Ọ̀sẹ̀ 3: Ìṣẹ́gun 20, Ọjọ́bọ̀ 20, Àbámẹ́ta 25.
Ọ̀sẹ̀ 4: Ìṣẹ́gun 20, Ọjọ́bọ̀ 15, Àbámẹ́ta 20.
Ọ̀sẹ̀ 5 àti 6: Ìṣẹ́gun 25, Ọjọ́bọ̀ 20, Àbámẹ́ta 25.
Ọ̀sẹ̀ 7: Ìṣẹ́gun 25, Ọjọ́bọ̀ 20, Àbámẹ́ta 30.
Ọ̀sẹ̀ 8: Ìṣẹ́gun 20, Ọjọ́bọ̀ 15, Àbámẹ́ta 25.

Ẹ ó rí i pé ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ìkẹjọ rọlẹ̀. Ẹ má fò wọ́n torí pé ara yín ń ta kánkán. Ìsinmi ni bíríkìlà fi ń mọ ògiri tó wó. Ẹ ó tún rí i pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ò fi ìṣẹ́jú kan kún nǹkan kan. Àwọn èèyàn máa ń bínú sí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn jù. Wọ́n á ní, "Ṣé kí n wọ káńfáàsì, kí n jí ní aago márùn-ún ààbọ̀, nítorí ìṣẹ́jú 15?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ẹ fẹ́ fi kọ́ ẹsẹ̀ ni pé ìsinmi láàárín eré kan àti èkejì ti kúrú sí i. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nìyẹn, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ yé kí ẹ tó gbé òmíràn lé e.

Tí iye tiyín bá yàtọ̀, ẹ ṣe é bákan náà: ẹ ro gbogbo ìṣẹ́jú ọ̀sẹ̀ yín pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ọjọ́ tuntun gba èyí tó kéré jù.

Ibi tí ẹ ti máa sá eré ọjọ́ tuntun náà ṣe pàtàkì. Orí òkè méje, wọ́n ní, ni wọ́n tẹ Ìbàdàn dó sí, ẹ̀yin tó ń gbé ibẹ̀ á sì mọ̀ pé ó ju méje lọ. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù gígùn òkè. Sísọ̀kalẹ̀ ló ń ba ẹsẹ̀ jẹ́ jù, torí pé gbogbo ìṣísẹ̀ ni itan àti ojúgun fi ń fa ara sẹ́yìn bí ìgbà tí awakọ̀ ń tẹ bíréèkì láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ wá pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ kan fún ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ máa yí i po. Ó máa ń súni, àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Tí ẹ bá sì dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lójú pópó, ẹ rìn ín wálẹ̀.

Tó bá jẹ́ títì ni, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ìyẹn ni pé apá òsì ni kí ẹ gbà. Ẹ yọ ohun tó wà létí yín, kẹ̀kẹ́ Márúwá kì í fọn fèrè fún ẹni tó ń gbọ́ orin. Ẹ tún kíyè sí i pé etí títì máa ń dà sí ọ̀nà gọ́tà. Tó bá jẹ́ etí yẹn lẹ ń tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹsẹ̀ kan á máa tẹ ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju ti èkejì lọ, ìbàdí àti orúnkún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn lápá kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: gìgísẹ̀ lórí àtẹ̀gùn

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni èyí ń gbà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ dúró sórí àtẹ̀gùn tàbí orí bíríkì tí kò ní yẹ̀, kí ìdajì ẹsẹ̀ wà níta, ẹ fọwọ́ kan ògiri. Ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè ní kíka méjì, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní kíka mẹ́rin, kó rẹlẹ̀ ju ojú àtẹ̀gùn lọ díẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejìlá, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe títí tó fi di ọ̀nà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀ kí ẹ tún ṣe ọ̀nà kan sí i, torí pé ẹran méjì ló wà lẹ́yìn ojúgun, èyí tó wà nísàlẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ jù tí orúnkún bá tẹ̀. Tó bá ti rọrùn jù, ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣe é.

Ẹ fi dídìde-jókòó lórí àga kún un, láì fọwọ́ ti nǹkan kan, ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ́nà mẹ́ta. Ó tó. Ẹ má ṣe é ní alẹ́ tó ṣáájú eré tó gùn jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọjọ́ kẹrin, àti ọjọ́ méjì tó fara kanra

Ọjọ́ mẹ́ta lè tẹ́ yín lọ́rùn, kò sì sí ẹni tó máa bi yín. Èèyàn lè fi ọjọ́ mẹ́ta sáré láti ọdún dé ọdún kí ara rẹ̀ le koko. Tó bá wù yín láti lọ síwájú, tí ọ̀sẹ̀ kẹjọ sì parí láì sí nǹkan kan nínú ìlà kẹta ìwé yín tó ń tún ara rẹ̀ sọ, ẹ lè máa bá a lọ.

Ohun kan wà tó yí padà níbí. Ọjọ́ mẹ́ta lè wọ inú ọ̀sẹ̀ kí ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín gbogbo wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ò lè wọ ọjọ́ méje kí méjì má fara kanra. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹsẹ̀ yín máa sáré lónìí, tó sì tún máa sáré lọ́la. Ọ̀gbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ọjọ́ tuntun kéré débi pé ẹsẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀, kó sì jìnnà sí ọjọ́ eré gígùn. Mo yan ọjọ́ Ajé:

Ọ̀sẹ̀ 9 àti 10: Ajé 10, Ìṣẹ́gun 20, Ọjọ́bọ̀ 20, Àbámẹ́ta 25.

Márùndínlọ́gọ́rin ni, iye tí ẹ sá lọ́sẹ̀ keje gan-an. Àbámẹ́ta ṣì ní ìsinmi níwájú àti lẹ́yìn. Ajé tẹ̀lé ọjọ́ Àìkú tí ẹ fi sinmi. Láti ọ̀sẹ̀ 11 lọ, ẹ máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ 12 àti 16 tún rọlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí Ajé kọjá ogún ìṣẹ́jú kí oṣù kẹrin tó pé.

Lóṣù kìíní ọdún, mo máa ń rí àwọn tó fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣe gbogbo èyí nítorí Lagos City Marathon. Láti 2016 tó ti bẹ̀rẹ̀, oṣù kejì ló sábà máa ń bọ́ sí, kìlómítà 42 àti díẹ̀ sì ni. Tó bá ń wù yín, ẹ fi ti ọdún tó ń bọ̀ sọ́kàn. Eré kìlómítà mẹ́wàá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjọ́ mẹ́rin.

Ohun tí ẹsẹ̀ ń sọ

Gbogbo ìrora kọ́ ni jàǹbá. Kí ẹran itan máa dùn bí ẹni tó kọ ebè lánàá, ní apá méjèèjì, kó sì lọ láàárín ọjọ́ méjì, ẹ̀kọ́ ni ara ń kọ́. Bí ìrora bá wà níbì kan, tí kò ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́wàá, tó lọ bí ara ṣe ń gbóná, tí kò sì sí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ lè máa sáré. Ẹ kàn má fi nǹkan kan kún un lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí kì í ṣègbè. Tí ìsàlẹ̀ gìgísẹ̀ bá ta yín bí ẹni tó tẹ òkúta, iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń pè yín. Tí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá gan, tí ẹ ní láti rìn díẹ̀ kó tó nà, iṣan ńlá yẹn ni. Fún méjèèjì, ẹ padà sí iye ọjọ́ tí ẹ wà tẹ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má dá gìgísẹ̀ orí àtẹ̀gùn dúró àfi tó bá ń mú ìrora náà pọ̀ sí i.

Ojúgun ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ẹ fi àtàǹpàkò wọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀ lápá inú. Tí ìrora bá nà gbọọrọ bí ìbú ọwọ́ kan, ẹran tó lẹ̀ mọ́ egungun ló sábà máa ń jẹ́, ẹ dín eré kù sí ìdajì, ẹ kúrò lórí títì. Tó bá jẹ́ ojú kan péré, tí ẹ lè fi ìka kan ṣoṣo bò ó, pàápàá tó bá tún ń dùn yín lóru nígbà tí ẹ ò gbé ẹsẹ̀, ẹ má sáré ìṣísẹ̀ kan sí i. Ẹ lọ rí dókítà. Kí ẹ sì mọ̀ pé X-ray lè má rí ojú tí egungun ti ń là láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tèmi ò fi nǹkan kan hàn, mo bá dá ara mi lóhùn pé ara mi ti yá, mo lọ sáré lọ́jọ́ méjì. Mo gbà pé ọjọ́ méjì yẹn ló sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin di méje.

Ẹ má gbé oògùn ìrora mì kí ẹ lè sáré. Alabukun, ìbúprófẹ̀n, èyíkéyìí tó bá jẹ́: agogo tó ń dún pé iná ń jó lẹ fẹ́ pa lẹ́nu mọ́. Lára ẹni tí omi ti gbẹ nínú oòrùn, àwọn oògùn yìí tún lè ṣe kíndìnrín níbi. Ẹ̀yin obìnrin, tí nǹkan oṣù bá dá dúró tàbí tó ń yẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti fi ọjọ́ kún eré, tí kì í ṣe oyún, ó lè jẹ́ pé oúnjẹ yín ò tó eré yín. Egungun ló máa kọ́kọ́ san gbèsè yẹn. Ẹ jẹun dáadáa lẹ́yìn eré, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ohun tó bá wà. Kì í ṣe àkókò tí èèyàn ń fi ọjọ́ kún eré ló yẹ kó máa fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ikùn.

Tí nǹkan bá dí yín lọ́wọ́

Ó máa dí yín lọ́wọ́. Ibà á dé, òjò á rọ̀ láti òru mọ́jú, òkú àwọn àna á gbé yín lọ sí ìlú míì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má san eré tó fò yín. Tí Ìṣẹ́gun bá lọ, ó ti lọ. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti Ọjọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ odidi ọ̀sẹ̀ kan ló lọ, ẹ tún èyí tí ẹ ṣe kẹ́yìn ṣe. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ padà sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ètò náà. Tó bá ju oṣù kan lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ méjì.

Ẹ má sáré tí ara bá gbóná. Ẹ lo oògùn ibà tán, kí oúnjẹ tún máa wọlé dáadáa, kí ẹ sì fi ìdajì bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù ààwẹ̀, ẹ dúró sí iye ọjọ́ tí ẹ wà, ẹ sá ìwọ̀nba díẹ̀ ní kété kí ẹ tó ṣínu tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi ìfikún sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ti ṣọdún. Alẹ́ tí ooru àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ fi ìrìn rọ́pò eré àárọ̀ rẹ̀.

Ní tèmi, ọjọ́ mẹ́rin ni mo ṣì wà, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀, Àbámẹ́ta, ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Aládùúgbò mi ṣì máa ń kan géètì mi láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí n jẹ́ ká lọ. Mo máa ń dá a lóhùn látorí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, níbi tí mo ti ń gbé gìgísẹ̀ sókè, tí mo ń sọ ọ́ kalẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.